Omi Funfun Nínú Ilé Gíà

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi sì bọ́ síwájú. N kì í bá ẹni tí n kò rí ojú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti rí yín. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti mú ọ̀pá mi láàárọ̀ pé mo fẹ́ lọ wo odò, ọ̀kan nínú yín á máa rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo bá dúró, á dúró. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi bí ẹni tí kò rí igi rí láyé rẹ̀. Lóòótọ́ ni ojú mi ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n kò tíì fọ́. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lánàá, ẹnì kan nínú yín bi mí pé kí ni irin jákujàku tó wà lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi béèrè. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti ra irin àlòkù ti dé àdúgbò wa, ọwọ́ sì ti ń yún ẹnì kan. N kò ní dárúkọ. Ẹni náà ti ń wo ilẹ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni irin náà, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀. Ó gbé ìyá àwọn ìyá yín sọdá omi tàwọn ti ẹrù iṣu wọn, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e sórí ọmọlanke lójú ayé mi.

Ẹ̀yin kò mọ odò náà. Orí afárá lẹ ń gbà kọjá lórí ọ̀kadà, ẹ kì í tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí afárá kankan. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà kì í ju orúnkún lọ. A ó ká ṣòkòtò sókè, a ó sì rìn ín kọjá, a ó máa pariwo pé omi tutù. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti le, odò á kún, á ya wọ inú igbó lọ́tùn-ún lósì, oko wa á wá dà bí ìlú òkèèrè. Iṣu ń bẹ lọ́hùn-ún, kòkó ń bẹ lọ́hùn-ún, àwa sì wà ní Ìlá níhìn-ín tí à ń wo ojú ara wa. Odò yẹn ló gbé bàbá mi lọ. Ó ń ti oko bọ̀, ó rò pé omi náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀, ló bá wọ inú rẹ̀. N kò tíì gbọ́n nígbà náà. Igbe yèyé mi nìkan ni mo rántí.

Bàbá Gbádé ló gbé òkú bàbá mi jáde. Ìdílé rẹ̀ ló ń tukọ̀ níbẹ̀ láti ayébáyé. Igi gbígbẹ́ ni ọkọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ènìyàn bá sín nínú rẹ̀, gbogbo wọn á di ara wọn mú. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó lè tù ọ́ sọdá kó sì tù ọ́ padà, kó má sọ ju "Rọra" lọ. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ máa ń kọ mí lóminú títí di òní. Ẹ wo ọ̀kan nínú yín lápá ibẹ̀ yẹn.

Àwọn tó ní oko ní òdìkejì odò wá kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kan wá láti Èkó. Orí lọ́rí ni wọ́n gbé e lé wá sí Ìlá, láàárín àpò iyọ̀. Mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja ṣe, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni. Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe fa ẹ́ńjìnnì lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi sùn dáadáa. Gbogbo Ìlá ló mọ orúkọ mi. Àwọn ọmọge máa ń dúró létí omi, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. Orí ẹ́ńjìnnì ló máa ń pariwo, òun ni gbogbo ènìyàn sì máa ń wò. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà, lábẹ́ omi, níbi tí abẹ̀bẹ̀ irin ti ń yí. Ibẹ̀ ni ilé gíà wà. Àwọn eyín irin kéékèèké ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń bu ara wọn jẹ lọ́nà tó tọ́, ọ́ìlì sì ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn run. Síkúrú méjì ni wọ́n fi pa á dé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, tú ti ìsàlẹ̀, tú ti òkè náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí o jẹ́ kí ògbólógbòó ọ́ìlì jáde sínú agolo. Nígbà náà ni wàá ri ìka bọ inú rẹ̀. Wàá fi àtàǹpàkò ra á. Bí ó bá ń ha ọ́ lọ́wọ́, eyín gíà ti ń jẹ nìyẹn. Bí ó bá dúdú, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé, kí o yáa wá ibi tó gbà wọlé kí irin tó dóògún. Lẹ́yìn náà, ihò ìsàlẹ̀ ni wàá ti máa ti ọ́ìlì tuntun wọlé títí tí yóò fi yọjú ní ihò òkè. Ọ̀gá mi ní Ẹ̀pẹ́ máa ń sọ pé kí n má gba àwọ̀ ọ́ìlì gbọ́ bí n kò bá tíì fọwọ́ kàn án. Ìyẹn wá mọ́ mi lára. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ fún mi, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó.

Létí odò la kọ́ àtíbàbà sí fún ẹ́ńjìnnì, mo sì máa ń wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọ̀sán gangan ni yèyé mi máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Olórìṣà ni yèyé mi, Ọbàtálá ló ń sìn. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ látorí dé ẹsẹ̀, kì í jẹ epo pupa, kì í sì í fẹnu kan ẹmu. Bí ó bá ti dé, á ní, "Ọmọ mi, lọ wẹ̀ ná. Èéfín ẹ́ńjìnnì kò dára pẹ̀lú oúnjẹ." Èmi náà á sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀. Apá yèyé mi kì í ṣe apá kékeré o. Òun ló máa ń gúnyán fún gbogbo agboolé nígbà ọdún iṣu tuntun, tí wọ́n á máa gbọ́ dídún odó rẹ̀ dé ìta ọjà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún iṣu tuntun ni mo ṣẹ Alága ẹgbẹ́. Okùn la fi ń fa ẹ́ńjìnnì kó tó dáhùn. Ọjọ́ náà, ọkọ̀ kún, àwọn ènìyàn ń kọrin, mo sì fẹ́ fi ara hàn. Mo fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ìdí rẹ̀ lọ gbá fìlà Alága sínú omi. Fìlà tuntun, abetí ajá. Gbogbo wa dúró tí à ń wò ó bó ṣe ń léfòó lọ. Alága rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ nìkan ló rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò tún fẹ́ràn mi mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo tú síkúrú ìsàlẹ̀, ohun tó jáde sì funfun bí ògì. Mo tún gbogbo ọ̀nà tí omi lè gbà wọlé ṣe, mo gé awọ tuntun sí abẹ́ síkúrú méjèèjì, mo fi ọ́ìlì tuntun sí i. Nígbà tí mo tún tú u, funfun. Ó tún ń yọ̀ lọ́wọ́ lọ́nà tí n kò mọ̀ rí, bí itọ́. Ọ́ìlì náà sì ti dín. Ohun tó wá kó ìpayà bá mi ni síkúrú òkè: kò le bí ọwọ́ mi ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Ènìyàn ló tú u. Ẹnì kan ń bẹ tó ń da nǹkan sínú ẹ́ńjìnnì wa.

Ta ni yóò jẹ́ bí kò ṣe Bàbá Gbádé? Ẹ bá mi rò ó. Ẹ́ńjìnnì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu tí wọ́n ń kó fún un tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó o fún. Ọ̀gangan àtíbàbà mi ló ń jókòó sí láti tún àwọ̀n ṣe. Ó sì ń wá bu iná lọ́dọ̀ mi fún ìkòkò tábà rẹ̀, àfi bí ẹni pé kò sí iná níbòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá ti gbé ọkọ̀ kúrò ní èbúté, Bàbá Gbádé náà á ti ọkọ̀ tirẹ̀ sómi, ọkọ̀ òfìfo, á máa tù bọ̀ lẹ́yìn wa ní ọ̀ọ́kán. Kì í sún mọ́ wa, kì í sì í jìnnà. Mo ní, ó ń dúró de ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yóò kú láàárín odò, kó lè wá kó àwọn èrò mi, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń tẹ ẹ́ńjìnnì náà síwájú sí i, òun náà á sì máa bọ̀, rọra, rọra.

Ṣùgbọ́n èmi ni ẹgbẹ́ ń wò ní tiwọn. Alága pè mí síwájú àwọn àgbà, ó ní, "Ọ́ìlì wa ń tán jù. Àwọn awakọ̀ lọ́rí kan wà tí wọ́n ń bá ọ rìn. A gbọ́ pé ò ń ta ọ́ìlì fún wọn, o sì ń fi omi dí i."

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, n kò jalè rí."

Ó ní, "Nígbà náà, mú ẹni tó ṣe é wá kí a tó tún jókòó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó gba ẹ́ńjìnnì, a ó sì sọ ìdí tí a fi gbà á láàárín ọjà."

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà náà? Bí wọ́n bá pè ọ́ lólè láàárín ọjà ní Ìlá, kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọ. Àwọn ọmọ tí o bá bí níbòmíràn, wọ́n á ṣì máa pè wọ́n ní ọmọ olè ọ́ìlì. Ẹ̀yin ì bá má sí níhìn-ín, tàbí kí ẹ wà níhìn-ín pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ẹ̀rù bà mí, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, osùn wà nílé tí wọ́n fi ń kun ọmọ lára. Mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀, mo pò ó mọ́ ọ́ìlì, mo rọ́ ọ sínú ojú síkúrú òkè náà, mo sì fi pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Ẹ mọ̀ bí osùn ṣe rí: kì í fi ohun tó bá kàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀, àgàgà aṣọ. Ọjọ́ ìpàdé gan-an ni, láàárọ̀. Mo wà nítòsí, mò ń ṣọ́ Bàbá Gbádé bí ológbò. Ní ọ̀sán, yèyé mi gbé oúnjẹ dé, ó ní kí n lọ wẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo rí Bàbá Gbádé tó ń bọ̀ wá bu iná. Mo ní lọ́kàn mi pé, máa bọ̀, ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí.

Mo yára wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fọwọ́ kan osùn náà, síkúrú sì ti yí kúrò bí mo ṣe fi í sílẹ̀. N kò tilẹ̀ fẹnu kan oúnjẹ. Alága àti àwọn àgbà ti ń péjọ sábẹ́ igi, mo sáré lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ wá! Mo ti mú un! Ẹni tí osùn bá wà lára rẹ̀ ni!"

Wọ́n pe Bàbá Gbádé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ìpẹ́ ẹja nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó yí wọn padà, ó yí wọn padà. Mo ní kí wọ́n wo aṣọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n wo ìkòkò tábà rẹ̀. Kò sí osùn. Alága yíjú sí mi, ó ní, "Ó dáa. Bí kì í bá ṣe òun, ìwọ ni."

Ìgbà náà ni yèyé mi gòkè bọ̀ láti etí omi, àwo oúnjẹ àná tó lọ fọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, omi ti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, níbi tí obìnrin máa ń nu ọwọ́ sí láìmọ̀, osùn wà lára aṣọ funfun náà, ó pupa roro. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Bàbá Gbádé ti rí i.

Ó bọ́ síwájú yèyé mi bí ẹni tó fẹ́ bá Alága sọ̀rọ̀, ó fi ara rẹ̀ bò ó. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Alága ní, "Ọwọ́ rẹ mọ́."

"Mo ti fọ̀ ọ́ ni."

Yèyé mi sọ àwo kalẹ̀. Ó wo aṣọ ara rẹ̀, ó sì wò mí. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá Gbádé, ẹ ṣeun. Ẹ má purọ́ nítorí tèmi. Ẹ̀yin àgbà, èmi ni. Omi ìgbín ni mo ń dà sí i."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

Yèyé mi ní, "Mo fọwọ́ kan ọ́ìlì tó jáde nínú rẹ̀ nígbà kan, ó gbóná bí omi àmàlà. Irin gbígbóná, ariwo gbígbóná, ọ́ìlì gbígbóná, lórí odò tó gbé ọkọ mi. Ẹ̀yin ń fún un ní ohun tó ń gbóná, kò sí ẹni tó fún un ní ẹ̀rọ̀. Mo ń tú díẹ̀ jáde kí omi ìgbín lè rí àyè. Mo fẹ́ kó tutù ni. Mo fẹ́ kó máa gbé ọmọ mi lọ, kó sì máa gbé e bọ̀."

Alága ní, "Yèyé, irin ni o. Kì í ṣe orí ènìyàn."

Ó ní, "Ohun tó bá lè gbóná, ẹ̀rọ̀ tọ́ sí i."

Ọmọ olórìṣà ni Alága náà, ìyá tirẹ̀ ti da omi ìgbín sí i lórí rí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ní kí n máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì mi lọ, pé kí n kàn máa ti àpótí irinṣẹ́ mi pa. Ọ̀rọ̀ olè tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti èmi kò tíì tán. Mo bi Bàbá Gbádé pé, "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kí ló dé tí ẹ ń tẹ̀lé mi lórí omi lójoojúmọ́?"

Ó wo yèyé mi. Yèyé mi ń wo odò. Ó ní, "Ó bẹ̀ mí ni. Ó ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kí n wà nítòsí, kó má baà jẹ́ òkú ni n ó tún gbé jáde fún un. Ó ní kí n má jẹ́ kí o rí mi. Mo sọ fún un pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí lórí omi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ sétí omi bí ẹni tó tún fẹ́ lọ wẹ̀.

Mo fi kẹrosíìnì fọ ilé gíà náà. Eyín rẹ̀ ti jẹ díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti máa ń kérora bí ó bá ń gbéra, bí èmi náà ṣe ń ṣe báyìí. Yèyé mi fi ọṣẹ dúdú fọ aṣọ náà títí, osùn kò lọ. Kò lè wọ̀ ọ́ níwájú òrìṣà mọ́, ló bá fi bo ẹ́ńjìnnì. Omi ìgbín, ó ṣì ń tà á sí i lórí, lóde, ibi tí kò ti lè pa nǹkan kan lára, mo sì ń wò ó níran. Bàbá Gbádé kò sì dẹ́kun. Títí apá rẹ̀ fi kọ àjẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mo bojú wẹ̀yìn lórí odò tí n kò rí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lẹ́yìn tó lọ, odò náà wá tóbi jù lójú mi. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n kọ́ afárá.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ tiwa. Ta ló rán yín? Ẹ má wo ara yín. Mo rí i bí ìyá yín ṣe ń ṣẹ́jú sí yín láàárọ̀ àná bí mo ṣe na ọwọ́ mú ọ̀pá. Ó rò pé n ó ṣubú sínú omi.

N kò ní kí ẹ má tẹ̀lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ yé wo igi. Bàbá Gbádé kì í wo igi. Omi ló máa ń wò, àti ẹ̀yìn orí mi.